Ọdún tí Bàbá Mi Fi Gílóòbù Ṣe Táímìn

Nílé wa ní Ìgándò, etí ọmọdé ló máa ń kọ́kọ́ jí, ojú á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tẹ̀lé e. Mo máa ń dùbúlẹ̀ sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, màá sì máa fi etí mọ ohun tó ń lọ nínú ọgbà: okùn kànga lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ dé ìdí omi, ìgbálẹ̀ lórí iyanrìn, Bàbá Onílé tó ń ṣe àlùwàlá tó sì ń wúkọ́ láàárín rẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi tó ti ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé nítorí aṣọ ilé-ìwé ọmọ ọlọ́mọ. Lẹ́yìn gbogbo wọn ló máa ń kan Ìjàpá, ọkọ̀ bàbá mi. Ìjàpá ni gbogbo àdúgbò ń pe irú ọkọ̀ yẹn nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí rógódó, tiwa sì ti gbó débi pé kò sẹ́ni tó lè sọ àwọ̀ tó ní nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, abẹ́ fèrèsé yàrá wa ni bàbá mi sì máa ń gbé e sí. Bó bá ti ṣíná sí i láàárọ̀, á kọ́kọ́ wúkọ́ bíi ti Bàbá Onílé, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ geere. Ìgbà yẹn ni Ìyá Àgbà á fọwọ́ kàn mí léjìká pé, “Dìde, ọkọ̀ bàbá ẹ ti jí, ìwọ ṣì wà nílẹ̀.”

Olùkọ́ ìṣirò ni bàbá mi ní ilé-ìwé kan nítòsí ibùdókọ̀ Command. Ọmọ Èkìtì ni, Èkìtì náà ni ìyá mi, ṣùgbọ́n ìlú wọn yàtọ̀, wọ́n sì máa ń fi ohùn ìlú ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí inú wọn bá dùn. Kì í ṣe pé ó kórìíra àwọn mẹkáníìkì. Ó kàn fẹ́ràn kí òun fúnra òun mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ òun. Láàárọ̀ Sátidé, lẹ́yìn àkàrà àti ògì, á wọ ṣòkòtò kan tí epo ti sọ di dúdú, á ṣí ìdérí ẹ̀yìn ọkọ̀, á sì tú nọ́ọ̀tì kan tó wà lẹ́sẹ̀ agolo kékeré kan. Agolo yẹn ló ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì. Bí èèyàn bá yí i díẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì, àkókò tí iná ń tàn nínú ẹ́ńjìnnì á yí pa dà. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní táímìn. Mo bi í nígbà kan pé kí ni táímìn jẹ́ gan-an. Ó ní, “Fúnmi, ṣé o máa ń wo ìyá ẹ àti Ìyá Àgbà tí wọ́n bá jọ ń gún iyán nínú odó kan?” Mo ní mò ń wò wọ́n. “Bí ẹnì kan ṣe ń gbé ọmọ odó sókè ni ẹnì kejì ń sọ tiẹ̀ kalẹ̀. Bí ẹnì kejì bá yára jù ńkọ́?” Mo ní ọmọ odó á gbá ọmọ odó. “Bó bá pẹ́ jù ńkọ́?” Mo ní iyán á tutù, á sì ní kókó. Ó rẹ́rìn-ín. “Táímìn náà nìyẹn. Bí iná bá yá jù, ẹ́ńjìnnì á máa gbá ara rẹ̀. Bó bá pẹ́ jù, ọkọ̀ ò ní lágbára, á kàn máa gbóná lásán.”

Etí ló fi ń ṣe é. Á jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, á di ojú, á wá máa yí agolo náà jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń wá ìròyìn lórí rédíò. Ohùn ẹ́ńjìnnì á lọ sókè, á wá sílẹ̀, á kọsẹ̀, títí á fi dé ibì kan tí á ti máa dún láìsí wàhálà. Á dá ọwọ́ dúró níbẹ̀, á fi sípánà dè é. Lẹ́yìn náà ni á wa ọkọ̀ gun òkè kékeré tó wà lọ́nà Ìkọ̀tún, nítorí orí òkè ni táímìn tí kò dára ti máa ń tú àṣírí ara rẹ̀. Bó bá pa dà wálé tó ń fi ìka lu orin ìjọ lára sítíárì, a ti mọ̀ pé ó dára nìyẹn.

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni ibà gbé bàbá mi dè nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ lórí ibùsùn. Nígbà tó dìde, ó ti rù, agbádá rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lára rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wa dúpẹ́ pé ó dìde. Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ yẹn ni kò jẹ́ ká tètè rí ohun tí ibà náà mú lọ. Mo rántí pé rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í ké sókè nínú ilé wa, tí Bàbá Onílé fi wá béèrè nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé, “Tíṣà, ṣé ìlú ti gba òmìnira míì ni, ká wá bá yín jó?” Mo rántí pé bí mo bá pe bàbá mi láti ẹ̀yìn, kò ní dáhùn, màá sì rò pé mo ti ṣẹ̀ ẹ́. Ọmọdé kì í ro nǹkan mìíràn. Bí àgbàlagbà bá dákẹ́, ohun tó máa ń wá sí ọkàn rẹ̀ ni pé òun ló jẹ̀bi.

Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ni ọ̀rọ̀ náà dùn jù. Ó máa ń wá láti Èkìtì lóòrèkóòrè láti wá bá wa gbé; lọ́dún yẹn, ó wá tọ́jú ọmọ rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ kò yá, kò sì tíì pa dà. Àsìkò oúnjẹ alẹ́ ni àkókò tirẹ̀. Bàbá mi á jókòó sórí àga, òun á jókòó sórí àpótí lẹ́yìn rẹ̀ nítòsí ẹnu ọ̀nà níbi tí afẹ́fẹ́ wà, á sì máa ròyìn ìlú fún un, àwọn tó kú àti àwọn tó bímọ. Ó máa ń pe ilé ní “ulé”, èmi á sì máa sín in jẹ títí ìyá mi á fi ṣẹ́jú sí mi. Tẹ́lẹ̀, bàbá mi á máa fèsì, á máa béèrè ọ̀rọ̀. Lọ́dún yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun lọ láìsọ nǹkan kan. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ìyá Àgbà sọ fún un pé òrùlé ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́ kí ó tó kú ti ń jò, pé omi ti dé ibi tí wọ́n sin ín sí nínú yàrá. Ó sọ ọ́, ó tún un sọ. Bàbá mi bu òkèlè, ó fi kan ọbẹ̀, ó gbé e mì, ó sì ní kí n bu omi wá. Ìyá Àgbà dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó wọlé. Mo bá a nínú yàrá tó ń ká ìró rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sínú báàgì.

“Ìyá Àgbà, ṣé ẹ̀ ń lọ ni?”

“Ulé ń pè mí, ọmọ mi.”

Ìyá mi bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní kó fara balẹ̀, ó ní iṣẹ́ ló ń dààmú Bàbá Fúnmi. Ìyá Àgbà fetí sí i tán, ó ní, “Ìyàwó mi, ìwọ kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá ń sọ̀rọ̀ tí ọmọ ń jẹun lọ, ìyá náà ti pẹ́ jù nílé ọmọ.” Nígbà tí wọ́n sọ fún bàbá mi pé ìyá rẹ̀ fẹ́ máa lọ, ó wò wá kárí, ó wo báàgì, ó ní, “Ó yá, Sátidé ni màá gbé wọn dé gáréèjì Ìyànà Ìpájà.” Ohun tó sọ kò ju ìyẹn lọ. Ìyá Àgbà yí ojú sí ògiri.

Láàárọ̀ Sátidé yẹn, bàbá mi ṣe táímìn kí a tó jáde, nítorí Ìjàpá ti ń kọṣẹ́ láti àárín ọ̀sẹ̀. Mo dúró lójú fèrèsé. Ó pẹ́ nídìí ẹ́ńjìnnì ju bó ṣe máa ń pẹ́ lọ. Kò di ojú bó ṣe máa ń ṣe. Ó yí agolo náà lọ, ó yí i bọ̀, ó gbé ọwọ́ kejì lé ara ẹ́ńjìnnì bí ẹni tó ń wò ó bóyá ara ọmọ gbóná, ó tún yí i. Nígbà tó dè é tán, ó dúró, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Mo ti dàgbà ju ọjọ́ orí tí bàbá mi wà nígbà yẹn lọ báyìí, ojú tí mo rí lójú fèrèsé yẹn kò sì tíì kúrò lójú mi. Ẹ̀rù ló ń bà á.

A gbéra. Ìyá mi jókòó níwájú, èmi àti Ìyá Àgbà pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lẹ́yìn. A kò tíì jìnnà tí ariwo kan fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìjókòó wa, bí ìgbà tí èèyàn da òkúta wẹ́wẹ́ sínú agolo tó sì ń mì ín. Bí ọ̀nà bá tẹ́jú, á dínkù. Bí a bá ti kọjú sí òkè, á tún gbéra. Ìyá Àgbà, tí kò tíì la ẹnu láti ilé, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Kí ló dé tí ọkọ̀ yìí ń payín keke?”

Ìyá mi wo bàbá mi. Bàbá mi ń wo iwájú.

“Bàbá Fúnmi, ẹ́ńjìnnì ń gbá ara rẹ̀ o. Ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́.”

Ó tẹná mọ́ ọn. Ariwo náà ga sí i. Àwọn èèyàn tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ń yíjú wò wá, ọkùnrin kan tó gbé kẹ̀kẹ́ dání na ọwọ́ sí wa pé ká dúró. Bàbá mi juwọ́ sí i pẹ̀lú ẹ̀rín, ó rò pé ó ń kí òun ni. Nígbà tí a fi máa dé Ẹ̀gbẹ́dá, òórùn epo tó ń jó ti kún inú ọkọ̀, agbára rẹ̀ ń tán lọ, nígbà tó sì yá, ó gbọ̀n jìgìjìgì, ó kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà lójú oòrùn gangan.

Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí ẹ̀yìn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀lé e. Ìyá mi dúró sẹ́yìn rẹ̀, kò jìnnà sí i rárá. Ó pè é: “Bàbá Fúnmi.” Kò dáhùn. Ó pè é ní orúkọ tí mi ò gbọ́ rí lẹ́nu rẹ̀ níta: “Adébáyọ̀.” Kò dáhùn. Ìyá mi gbé ọwọ́ méjèèjì sókè lẹ́yìn orí bàbá mi, ó pàtẹ́wọ́ kan tó dún wàà, tí ìyá kan tó ń ta ọsàn fi yíjú. Bàbá mi ń fi àkísà nu epo lọ.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn kan láti àyà Ìyá Àgbà, kì í ṣe ẹkún, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ó já ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó rìn yí ọkọ̀ náà ká pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún, ó lọ dúró níwájú ọmọ rẹ̀ níbi tó bẹ̀rẹ̀ sí, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè bí ìgbà tí a bá fẹ́ nu ojú ọmọ kékeré.

“Adé, o kì í gbọ́ mi?”

Bàbá mi wo ẹnu rẹ̀. Omi gba ojú rẹ̀. Ó ní, “Màámi, mi ò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Láti ìgbà ibà yẹn ni. Mo rò pé á lọ. Kò lọ.” Ohùn rẹ̀ ga jù bó ṣe ń sọ ọ́, nítorí kò mọ bí ohùn òun ṣe tó, gbogbo ẹni tó wà lẹ́bàá ọ̀nà náà ló gbọ́ ọ. “Bí ilé-ìwé bá mọ̀, wọ́n á ní kí n máa lọ sílé. Bí mo bá sọ fún yín, á di òótọ́.”

“Mo ti ń bínú sí ọ,” ni Ìyá Àgbà wí. “Olúwa, mo ti ń bínú sí ọmọ mi tó ń ṣàìsàn.” Ó fi ọwọ́ bo etí ọmọ rẹ̀ méjèèjì, ó gbá orí rẹ̀ mọ́ àyà. Ìyá mi bọ́ gèlè orí rẹ̀, ó fi nu ojú ara rẹ̀, ó fi nu ti bàbá mi, ó wá wo ẹ́ńjìnnì bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé ọjà ṣì wà lórí àtẹ. Ó ní, “Ẹ jẹ́ ká dé ilé ná.”

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù díẹ̀, bàbá mi ṣíná sí i, ó tú nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ agolo, ìyá mi sì dúró níwájú rẹ̀ níbi tó ti lè rí i. Ó ti gbọ́ ẹ́ńjìnnì yẹn láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ fún àìmọye Sátidé, ó mọ ohùn rẹ̀ ju bó ṣe rò lọ. Bàbá mi ń yí agolo, òun ń juwọ́: díẹ̀ sí i, díẹ̀ sí i, ó ti pọ̀ jù, ẹ dá a pa dà. Nígbà tó fi ọwọ́ lélẹ̀ pẹrẹsẹ bí ẹni tó ń tẹ́ aṣọ, bàbá mi dè é. A kò lọ sí Ìyànà Ìpájà mọ́. A yí pa dà sí Ìgándò, báàgì Ìyá Àgbà wà lórí itan mi, òkúta inú agolo kò sì dún mọ́.

Sátidé tó tẹ̀lé e, mo rò pé ìyá mi ni yóò tún dúró síwájú ẹ́ńjìnnì. Bàbá mi ní rárá, pé òun kò fẹ́ kí ó di pé tí ìyàwó òun kò bá sí nílé ọkọ̀ òun kò ní ṣiṣẹ́. Ó tú gílóòbù kékeré kan lára iná ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó so wáyà méjì mọ́ ọn. Ó fi wáyà kan kan ibi tí iná ti ń wọ agolo, ó fi èkejì kan irin ara ọkọ̀. Ó yí wíìlì tí bẹ́líìtì wà lára rẹ̀ títí àmì kékeré tó wà létí rẹ̀ fi bá ìlà àárín ẹ́ńjìnnì mu. Ó ní ibẹ̀ ni iná ti yẹ kó tàn nínú ẹ́ńjìnnì, kò yá, kò pẹ́, gílóòbù ni yóò sì jẹ́ kí òun fi ojú rí i. Ó yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ láìjẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí agolo náà bí ẹni tó ń ṣí ìdérí ìgò lọ́fíńdà. Gílóòbù ṣókùnkùn. Ó yí i díẹ̀. Ó ṣókùnkùn. Ó tún yí i bíi fọ́nrán irun, gílóòbù sì tàn yòò.

“Ó tàn!” ni mo ké. Bàbá Onílé tó jókòó lórí ẹní ìkírun rẹ̀ ní, “Máṣàállà.” Ìyá Àgbà ní kí ló dé tí ẹ̀ ń pariwo, ẹni tó ń ṣe é kò gbọ́ yín. Ó sọ ọ́ tán ni ó fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá mi ti rí i lẹ́nu rẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ńlá tí kò lè wọ̀n, àwa náà sì rẹ́rìn-ín tí ìyá mi fi jókòó sílẹ̀. Ìyẹn ni ẹ̀rín àkọ́kọ́ nílé wa láti ìgbà ibà. Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Àgbà ti gbé àpótí rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí afẹ́fẹ́ níbi tó gbé e sí, ṣùgbọ́n iwájú ọmọ rẹ̀ ni. Ó ní, “Ojú lọ̀rọ̀ wà,” ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ òrùlé láti ìbẹ̀rẹ̀.

Dókítà tí wọ́n lọ rí sọ pé iṣan etí ló ti bàjẹ́, pé ohun tó ṣẹ́kù náà lè máa lọ díẹ̀díẹ̀. Bàbá mi lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìyá mi kò lè ránṣọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ó kàn ń tú òwú, ó ń ká òwú. Ọ̀gá náà kò lé e. Ó ní kí ó máa kọ́ni lọ, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ní ìbéèrè máa jáde wá kọ ọ́ sójú pátákó. Àwọn kan fi í ṣe ẹlẹ́yà lóòótọ́. Nílé, mo máa ń mọ ọjọ́ tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí kì í bá wa ṣeré lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ó ń lọ, ó sì ń bọ̀, ọkọ̀ rẹ̀ kò sì payín keke mọ́.

Nígbà tí ọdún fẹ́ parí, ó wa gbogbo wa lọ sí Èkìtì láti lọ tún òrùlé náà ṣe. Ìyá mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ọkọ̀ ńlá bá fọn fèrè lẹ́yìn, á tẹ̀ ẹ́ lítan kó lè yà. Ìjàpá gun àwọn òkè Èkìtì láìráhùn. Nígbà tí a dé, àwọn ẹbí kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ pọ̀, bàbá mi jókòó láàárín wọn, ó ń rẹ́rìn-ín níbi tí kò yẹ kó ti rẹ́rìn-ín. Bàbá kan tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá tó bí bàbá mi sọ láti ìdí ògiri pé, “Èkó ti sọ Adé di ẹni ńlá. À ń kí i, kò dá wa lóhùn.”

Ìyá Àgbà dìde. Ó ní, “Etí ọmọ mi kò gbọ́ràn mọ́. Àìsàn ló ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, kó wá síwájú rẹ̀, kó jẹ́ kó rí ẹnu òun.”

Mo rò pé wọn kò ní ṣe é, nítorí níbo ni àgbà ti ń dìde lọ bá ọmọdé láti kí i? Ṣùgbọ́n obìnrin kan dìde, lẹ́yìn náà òmíràn, wọ́n ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tẹ̀ba síwájú rẹ̀, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ jẹ́ẹ́. Bàbá mi fẹ́ dìde láti dọ̀bálẹ̀ fún wọn, Ìyá Àgbà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ léjìká. Bàbá tó sọ̀rọ̀ láti ìdí ògiri ló dé kẹ́yìn. Ó ti darúgbó gan-an. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ lé ilẹ̀, ó di apá àga mú, ó rọra kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan títí ojú rẹ̀ fi ṣe déédéé ti bàbá mi.

“Adé,” ni ó wí, “ṣé dáadáa lẹ dé?”

“Dáadáa ni, Bàbá,” ni bàbá mi dáhùn. “Mo gbọ́ yín.”